Ẹrù Olè Nínú Ṣọ́ọ̀bù Susannah

Méjì nínú àwọn ọlọ́pàá náà ti gbé jẹnẹrétọ̀ dé ẹnu ọ̀nà kí Susannah tó rí ohùn fọ̀. Obìnrin kan tó wá ra ṣáwá rọra da ẹja ọwọ́ rẹ̀ padà sínú páànù, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá," ni Susannah wí, "ẹja inú fírísà yóò bàjẹ́. Kò sí iná láti àná."

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ràsákì, tó kó wọn wá, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àkísà nu epo tó ti gbẹ mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ náà. Lẹ́tà méjì tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ yọ síta. Ó juwọ́ sí bàbá àgbàlagbà kan tó dúró nínú oòrùn níta pé kó wá wò ó.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́," ni bàbá náà wí. "Tèmi ni. Ilé mi ní Ayépé ni wọ́n ti gbé e." Ó gbójú sókè wo Susannah. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, àárẹ̀ ló wà níbẹ̀. "Ìyá, wọ́n gé ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé mi lọ́wọ́ nítorí nǹkan yìí. Ọwọ́ náà kò sí mọ́."

"Níbo lẹ ti rí i?" ni Ràsákì béèrè.

Orúkọ ẹni tó gbé e wá ti dé ẹnu Susannah, ṣùgbọ́n ó rántí ọwọ́ tí wọ́n gé yẹn, ó sì gbé orúkọ náà mì. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi," ni ó wí.

Bọ́dúnrìn ló gbé jẹnẹrétọ̀ náà wá. Òun ni àbíkẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà tí Susannah wọlé ìyàwó sí ìdílé náà, Bọ́dúnrìn kò sì tíì lè dá ara rẹ̀ wẹ̀ dáadáa. Susannah ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló mú un lọ sílé ìwé, òun ló ń fi omi gbígbóná jó orúnkún rẹ̀ bó bá ṣubú nídìí bọ́ọ̀lù. Ó ti tọ́ ọ dé ibì kan kí ó tó bí Moṣọpẹ́, ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá kú, tí àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kó kẹ́rù rẹ̀, Bọ́dúnrìn nìkan ló dìde láàárín wọn, tó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan Àǹtí òun yóò kọ́kọ́ bá òun jà. Susannah kò gbàgbé rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà pé àbúrò ọkọ ni Bọ́dúnrìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ni òun kà á sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tí àwọn ọlọ́pàá wá yìí, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ àtijọ́ kú. Ẹja tó kún fírísà méjì jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jókòó lórí àga, ó ń sunkún, nígbà tí Bọ́dúnrìn sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ ńlá kan.

"Níbo lo ti rí eléyìí?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lọ sí Kánádà ló fẹ́ tà á kíákíá."

"Bọ́dúnrìn, ọ̀rẹ́ rẹ wo?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, Àǹtí. Ẹ̀bùn ni. Ṣé èmi náà ò lè tọ́jú yín ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa okùn ẹ̀rọ náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fà á tó fi dún. Ní alẹ́ ọjọ́ náà Susannah kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó gbàdúrà fún un títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó pè láti ṣọ́ọ̀bù, Timothy, tètè dé tésàn tí wọ́n mú un lọ. Ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, alàgbà sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn ọlọ́pàá dìde kí i. Wọ́n fún òun àti Susannah ní bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìn ilé, nítòsí ibi tí wọ́n ń kó àwọn alùpùpù tí wọ́n gbà sí.

"Má dárúkọ Bọ́dúnrìn," ni Timothy wí.

"Ẹ̀gbọ́n, òun ló gbé e wá."

"Mo mọ̀. Ó wá bá mi láàárọ̀ yìí, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó bá wọn lọ sí Ayépé. Òun gan-an ló mú àdá dání." Ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń ka ìròyìn ìpàdé. "Bí o bá dárúkọ rẹ̀, ìdigunjalè nìyẹn. Wọ́n á so ó rọ̀. Ṣùgbọ́n ní tìrẹ, ọjà lo rà. Wọ́n á kìlọ̀ fún ọ, wọ́n á ní kó o máa lọ sílé. Sọ pé ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri ọjà lo ti rà á, pé o kò mọ̀ ọ́n rí."

"Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló gé, ẹ̀gbọ́n."

"Bí wọ́n bá pa Bọ́dúnrìn, ṣé ọwọ́ náà yóò hù padà? Ìwọ lo tọ́ ọ, ìyàwó wa. Ìwọ ni ìyá tó mọ̀."

Gbogbo ara Susannah ń fẹ́ láti bínú sí Bọ́dúnrìn, ṣùgbọ́n orúnkún ọmọdé tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ló ń rí. Nígbà tó padà wọlé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí Timothy ní kó kọ. Ràsákì béèrè bóyá owó ọjà náà kéré sí iye tó yẹ. Susannah ní ó kéré. Ó béèrè bóyá ọkùnrin náà fún un níwèé kankan. Ó ní kò fún òun. Ràsákì ní kó kọ ìyẹn náà sí i. Wọ́n fún un ní béèlì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹnì kan ládùúgbò ta ọlọ́pàá lólobó nípa Bọ́dúnrìn. Wọ́n mú un lọ sí yàrá tó gbà ní Ìjagun láti tú u wò. Timothy àti Susannah sáré débẹ̀. Susannah dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn ayálégbé, ó sì rí Ràsákì nígbà tó na ọwọ́ sínú àjà, tó fa nǹkan kan tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì wé jáde. Ìbọn àgbélẹ̀rọ ni, kò gùn ju apá ènìyàn lọ, wọ́n fi tépù dúdú wé ìdí rẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ Bọ́dúnrìn. Bí wọ́n ṣe ń mú un kọjá lọ́dọ̀ Susannah, ó ní, "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa mí."

Timothy ní àfi kí wọ́n tètè wá owó, nítorí lọ́yà àti nítorí àwọn tó wà nídìí ẹjọ́ náà. Ilẹ̀ kan wà ní Ìjẹ̀bú-Imusin tí ọkọ Susannah ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ sí kí ikú tó dé. Ti Susannah àti Moṣọpẹ́ ni, àwọn méjèèjì ló sì kù tí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀. Moṣọpẹ́, tó ti ń múra fún ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, bi ìyá rẹ̀ bóyá ibi tí àwọn yóò gbé lọ́jọ́ iwájú ni wọ́n fẹ́ tà yẹn.

"Ẹ̀mí ni a fẹ́ fi rà," ni Susannah dá a lóhùn. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò Timothy ló ti fọwọ́ sí ìwé títa ilẹ̀ náà. Kò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ilẹ̀ ṣe, torí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó yá, Timothy pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀ ní tésàn, kó wá fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n lè tú Bọ́dúnrìn sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó rin ewùrà, ó se ìkọ́kọrẹ́ bí Bọ́dúnrìn ṣe ń fẹ́ ẹ, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti edé tó pọ̀, ó sì dì í sínú kúlà oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, ìta ni Bọ́dúnrìn jókòó sí. Ó ti fá irùngbọ̀n. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó kí i, "Ẹ káàsán, Àǹtí," kò sì wo ojú rẹ̀. Kí Susannah tó lè bi í ní nǹkan kan, Ràsákì ti pè é sẹ́yìn káńtà, ó mú ìwé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n fi kan Susannah: ó gba ẹrù olè nígbà tó mọ̀ pé ẹrù olè ni, ó sì ní ìbọn lọ́wọ́ láìní ìwé àṣẹ.

"Ìbọn wo?"

"Èyí tí a rí nínú ṣọ́ọ̀bù yín."

"Inú àjà yàrá tó wà ní Ìjagun lẹ ti yọ ọ́. Ìṣojú mi ni."

"Ẹlẹ́rìí wa wà níta," ni Ràsákì wí, ó sì tọ́ka sí Bọ́dúnrìn. "Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín lọ́jọ́ tí àwọn ọkùnrin méjì gbé ẹ̀rọ yẹn wá pẹ̀lú ìbọn. Ó rí i pé ẹ̀yin lẹ gbà á pa mọ́."

Susannah yíjú sí i. "Bọ́dúnrìn."

Fóònù ló ń wò.

"Bọ́dúnrìn, wò mí."

Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì ń lọ tó ń bọ̀ lórí gíláàsì fóònù náà. Timothy ló súnmọ́ Susannah. Ó rọra gba kúlà oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó ti rẹ̀, ó sì lọ gbé e kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́dúnrìn. Ìgbà yẹn ló yé Susannah ohun tí wọ́n fi ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ rà.

Ó lo ohun tó ju ọdún kan lọ ní ahámọ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, Timothy wá bẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú búrẹ́dì àti ọṣẹ.

"Nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ níwájú adájọ́, sọ pé o jẹ̀bi," ni ó wí. "Obìnrin ni ọ́, opó sì ni ọ́. Wọ́n á ṣàánú rẹ. Bọ́dúnrìn ni ọkùnrin kan ṣoṣo tó kù lẹ́yìn mi nínú ilé wa. Ta ni yóò máa jẹ́ orúkọ bàbá wa?"

"Èmi ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ta ni mo jẹ́ nínú ilé yín?"

"Ìyàwó wa ni ọ́," ni Timothy wí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, bí ẹni tó gbà pé òun ti dáhùn ìbéèrè náà. Susannah ti búrẹ́dì àti ọṣẹ náà padà sí i. Timothy kò tún wá mọ́. Nígbà tí Moṣọpẹ́ wá, ó ní Bọ́dúnrìn ti ta fírísà méjèèjì, ó sì ti fi ṣọ́ọ̀bù rẹ́ńtì fún àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Ó ní òun kò ṣe ìdánwò náà. Ó sọ èyí kẹ́yìn, ó sì tètè yí ọ̀rọ̀ padà.

Lọ́yà tó gba ẹjọ́ Susannah láìgba owó, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Mojí, jókòó tì í lórí àga onípákó, ó sì la ọ̀rọ̀ náà yé e.

"Ti ìbọn yẹn, wọ́n ní láti gbé ìbọn jáde, kí wọ́n sì fi hàn pé ọwọ́ yín ló wà. Ti jẹnẹrétọ̀ ló nira, mà. Ohun mẹ́ta ni òfin ń béèrè. Ẹrù olè ni àbí kì í ṣe ẹrù olè? Ẹrù olè ni, ẹni tó ni ín ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yín ni wọ́n ti bá a? Ọwọ́ yín ni. Ẹ̀kẹta: ṣé ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ gbà á pé wọ́n jí i ni?"

"N kò mọ̀."

"Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí lẹ ti rà á, ní owó pọ́ọ́kú, láìgba ìwé kankan. Ohun tí adájọ́ máa ń wò nìyẹn kó tó sọ pé ẹnì kan mọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́, mà."

"Wọ́n ní wọ́n á kàn kìlọ̀ fún mi ni."

Mojí wo ìwé tó wà lórí itan rẹ̀. "Ó lè tó ọdún mẹ́rìnlá," ni ó wí.

Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá ìbọn náà tì. Ọlọ́pàá tó ń tọ́jú ẹrù ẹ̀rí sọ pé àwọn ń tún yàrá ṣe nígbà kan, àwọn nǹkan kan sì sọnù. Adájọ́ bi í bóyá ìbọn wà lára ohun tó lè sọnù ní tésàn.

Àbúdù jẹ́rìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ní Ayépé. Ó ní àwọn tó wá fi aṣọ bojú, wọ́n yìnbọn sókè, ọ̀kan lára wọn sì bẹ́ ọwọ́ òsì òun pẹ̀lú àdá nígbà tí òun di ilẹ̀kùn mú. Wọ́n bi í bóyá ó lè dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó wo gbogbo ilé-ẹjọ́, ojú rẹ̀ gba ara Bọ́dúnrìn kọjá lọ, ó sì ní òun kò lè dá ẹnì kankan mọ̀.

Bọ́dúnrìn bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Ohùn rẹ̀ já gaara. Ó ní àwọn ọkùnrin méjì gbé ẹ̀rọ wá, Susannah sì gbà á láìsọ ohunkóhun, bí ẹni tó ti ń retí wọn tẹ́lẹ̀.

Mojí dìde. "Ta ló tọ́ yín dàgbà?"

"Òun ni."

"Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, bí ẹ bá mú pẹ́ńsù tí kì í ṣe tiyín wálé, kí ni ó máa ń ṣe?"

Bọ́dúnrìn rẹ́rìn-ín díẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹ̀rín náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó máa ń mú mi lọ dá a padà."

"Ṣùgbọ́n wọ́n gbé odidi jẹnẹrétọ̀ wá bá obìnrin yìí kan náà, kò sì béèrè nǹkan kan?"

Susannah ń wò ó láti inú àpótí ẹlẹ́jọ́. Kò wò ó pẹ̀lú ìbínú. Ó ń wò ó gẹ́gẹ́ bó ṣe ń wò ó nídìí tábìlì nígbà tó bá fẹ́ mọ ibi tó ti ń bọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti tésàn, Bọ́dúnrìn gbójú sókè, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin.

"Ó béèrè," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí. Mo ní ọ̀rẹ́ mi tó ń lọ sí Kánádà ló fẹ́ tà á."

Bírò adájọ́ dúró. "Ta ni ó bi léèrè?"

Bọ́dúnrìn wo Timothy. Timothy ti wolẹ̀. "Mo fẹ́ sọ pé..."

Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ ní kò sí ìbọn níwájú òun, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ẹlẹ́rìí ìjọba fúnra rẹ̀ ni òun ti gbọ́ pé obìnrin yìí kò mọ̀. Ó dá Susannah sílẹ̀. Ó ní kí ọlọ́pàá lọ tún ẹjọ́ náà wádìí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlẹ́rìí tiwọn. Ràsákì tẹrí ba, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, olúwa mi." Bọ́dúnrìn kò sí nílé-ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Moṣọpẹ́ ní wọ́n ti gbọ́ pé ó ti sọdá sí Kútọnu.

Níta, mọ́tò Timothy ti wà lábẹ́ igi, ó ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ dè é.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa," ni ó wí. "Ó ti parí. Wọlé, ìyàwó wa. A ó ṣe ìdúpẹ́ ní Sunday, gbogbo ilé ni yóò pé."

Susannah di ọwọ́ Moṣọpẹ́ mú. Àbúdù ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé-ẹjọ́. Ó ti fi abẹ́rẹ́ gún apá òsì ẹ̀wù rẹ̀ pa pọ̀. Ó tẹrí ba fún un.

"Ìyá, ẹ kú oríire. Inú mi dùn, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin." Ó dúró níbẹ̀, kò lọ. "Gbogbo ìgbà tí mo ń wá síbí, ìbọn ni wọ́n ń sọ, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń sọ. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún mi. Ta ló gé mi lọ́wọ́?"

"Ìyàwó wa," ni Timothy wí, "wọ mọ́tò."

"Bọ́dúnrìn ni," ni Susannah wí. Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tó jẹ́rìí takò mí yẹn. Àbúrò ọkọ mi ni, èmi ni mo tọ́ ọ. Ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró yìí ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà, mo sì fi pa mọ́ fún ọ."

Àbúdù wo Timothy. Timothy ń wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ lè bá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá, mà?"

"Mo lè sọ ọ́. Nísinsìnyí gan-an."

Wọ́n yíjú pa pọ̀ láti wá Ìnsípẹ́kítọ̀ Ràsákì. Kò jìnnà. Ó ti jókòó sí àga iwájú nínú mọ́tò Timothy, ó ti de bẹ́líìtì mọ́ra, ó sì ń fi ìwé ẹjọ́ náà fẹ́ atẹ́gùn sí ara rẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n máa lọ.